Ẹ Má Bá a Jà, Ẹ Dán an Wò: Ìmọ̀ràn fún Ọmọ Tí Rọpárọsẹ̀ Kọlu Òbí Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Tamale, àti ẹ̀yin tí ẹ ti lọ sí Kumasi, Accra tàbí Èkó tí àwọn òbí yín ṣì ń gbé níbí, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ní ìpàdé àwọn ọmọ Yorùbá, owó ìsìnkú àti ìwé ìgbélùú la máa ń sọ jù. A kì í sọ̀rọ̀ àìsàn àfi ìgbà tí a bá ń dá owó fún aláìsàn. Bẹ́ẹ̀ rọpárọsẹ̀ ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn.

Ẹ rántí bí a ṣe débí. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì ni ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa ti wá ṣòwò ní àríwá Ghana. Nígbà tí ìjọba Busia ní Ghana pàṣẹ ní November 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù àti ilé ni wọ́n fi sílẹ̀ lọ. Àwọn kan padà wá. Àwọn tó padà wá yẹn àti àwọn ọmọ wọn ló ti di àgbà báyìí, ẹ̀jẹ̀ wọn sì ń ru. Ìwádìí SIREN, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Ìbàdàn ṣe aṣáájú rẹ̀, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2018, wo àwọn tó lé ní 2,000 tí rọpárọsẹ̀ kọlù ní Nàìjíríà àti Ghana. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú gbogbo ohun tó so mọ́ ọn.

Gbogbo yín mọ apá tó rọ, ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀ àti ẹnu tó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. N kò ní sọ ìyẹn. Èyí tí mo fẹ́ sọ kì í tètè hàn, òun ló sì ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín òbí àti ọmọ. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹnu mi gbà á láti sọ ọ́.

1. Ojú kọ́ ló fọ́, àfiyèsí ló dín kù.

Bàbá jókòó sídìí abọ́ TZ (tuwo) pẹ̀lú ọbẹ̀ ayoyo, ewédú tiwa náà ni. Ó jẹ apá ọ̀tún abọ́ náà mọ́lẹ̀ kanlẹ̀, ó wá ń bèèrè ẹni tó bu oúnjẹ kékeré báyẹn fún òun. Apá òsì abọ́ ṣì kún. Ẹ yí abọ́ náà po kí ohun tó wà ní òsì bọ́ sí ọ̀tún, ẹ óò rí i tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ lọ. Ó fá irùngbọ̀n ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, ó fi ìkejì sílẹ̀. Ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ apá ẹ̀wù fugu, apá òsì ń fì. Ó ń fi èjìká òsì gbá férémù ilẹ̀kùn. Ẹ dúró lápá òsì rẹ̀ kí ẹ pè é, apá ọ̀tún ni yóò ti máa wá yín.

Neglect ni àwọn dókítà ń pe èyí. Ó wọ́pọ̀ jù lára ẹni tí rọpárọsẹ̀ ba apá ọ̀tún ọpọlọ rẹ̀ jẹ́, tiwọn ló sì máa ń pẹ́ jù kó tó lọ. Marsel Mesulam, dókítà ọpọlọ kan ní Amẹ́ríkà, kọ àlàyé kan ní 1981 tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń lò. Ó ní apá òsì ọpọlọ, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ń ṣọ́, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún ọpọlọ ń ṣọ́ ọ̀tún àti òsì pọ̀. Bí apá òsì bá bàjẹ́, ẹnìkejì rẹ̀ ṣì wà tí yóò máa ṣọ́ méjèèjì. Bí apá ọ̀tún bá bàjẹ́, òsì kò ní olùṣọ́ mọ́. Àfiyèsí dà bí tọ́ọ̀ṣì nínú yàrá tó ṣókùnkùn: gbogbo ẹrù inú yàrá wà níbẹ̀, ojú ẹni tó di tọ́ọ̀ṣì mú kò fọ́, àmọ́ ibi tí iná kò bá tàn dé, fún òun, kò sí nǹkan níbẹ̀.

Ẹ má ṣe kó èyí pọ̀ mọ́ ti ẹni tí rọpárọsẹ̀ gé ìdajì ìríran rẹ̀ kúrò. Ìyẹn náà wà, àwọn méjèèjì sì lè bá ẹnì kan náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìdajì ìríran rẹ̀ lọ sábà máa ń mọ̀ pé ó lọ. Bí ẹ bá sọ fún un, yóò máa yí ọrùn láti fi wá ohun tí ojú rẹ̀ kò ká. Ẹni tí àfiyèsí rẹ̀ dín kù kò mọ̀ pé ohun kan sọnù, kí ni yóò wá máa wá?

Iṣẹ́ tó fi hàn jù lọ pé kì í ṣe ojú ni ti Edoardo Bisiach àti Claudio Luzzatti ní Milan, orílẹ̀-èdè Ítálì, ní 1978. Wọ́n ní kí aláìsàn fojú inú wo gbàgede ńlá tó wà níwájú kàtídírà ìlú náà, gbàgede tó mọ̀ dáadáa láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ní kó rò pé òun dúró ní ìkángun gbàgede, òun kọjú sí kàtídírà, kó sì máa dárúkọ ohun tó wà níbẹ̀. Apá ọ̀tún ló ń dárúkọ. Wọ́n tún ní kó rò pé òun dúró lẹ́nu ọ̀nà kàtídírà, òun kọjú sí gbàgede. Àwọn ilé tí kò dárúkọ lẹ́ẹ̀kíní ló wá ń kà jáde wẹ́rẹ́, àwọn tó ti kà tẹ́lẹ̀ sì pòórá. Kò sí ohun kankan níwájú rẹ̀ tí ojú ń wò; nínú orí ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń sáré ra awò ojú fún bàbá yín, ẹ fi ti Milan yìí sọ́kàn.

2. Ẹ má wá ọ̀tá kiri.

Mo ti gbọ́ kí wọ́n sọ pé wọ́n fi ọwọ́ gbá ìyá létí lójú àlá, ìyẹn ni kò fi mọ ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́. Ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ náà tì. Bí ó bá jẹ́ òjijì ni ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé ẹ̀gbẹ́ kan, rọpárọsẹ̀ tuntun ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, bí ẹnu rẹ̀ ò tilẹ̀ yẹ̀.

Ẹnu gan-an ló ń tan yín jẹ. Apá òsì ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ sísọ ń gbé lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nítorí náà ẹni tí apá ọ̀tún bàjẹ́ lára rẹ̀ lè máa sọ̀rọ̀ geere, kó máa pa òwe, kó máa ṣàwàdà. Ẹ̀yin á ní ara rẹ̀ ti yá. Bí ẹ bá bi í léèrè, òun náà á ní kò sí nǹkan kan tó ṣe òun. Kì í ṣe agídí. Àìmọ̀ pé nǹkan ń ṣe é wà lára ohun tó ń ṣe é. Ẹni tó bá ń bá a jiyàn láti àárọ̀ títí di alẹ́ ń fi àkókò ṣòfò.

3. Ẹ kọ́kọ́ ṣọ́ ọ nínú ilé kí ẹ tó wá ìwé àti bírò.

Ìwọ̀n kan wà tí wọ́n ń pè ní Catherine Bergego Scale. Nǹkan 10 ló ń wò, gbogbo wọn jẹ́ ohun tí ènìyàn ń ṣe lójoojúmọ́: ṣé ó ń gbàgbé láti tún apá òsì ojú rẹ̀ ṣe, ṣé ó ń gbàgbé apá aṣọ òsì, ṣé ó ń fi oúnjẹ apá òsì sílẹ̀, ṣé ó ń nu ẹnu lápá òsì lẹ́yìn oúnjẹ, ṣé ó ṣòro fún un láti wo òsì, ṣé ó ń gbàgbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sí ibi tí kò yẹ, ṣé ó ń gbọ́ ohùn tó bá wá láti òsì, ṣé ó ń kọlu nǹkan ní òsì, ṣé ó ń ṣìnà níbi tó yẹ kó yà sí òsì, ṣé ó ń rí ohun ìní rẹ̀ tó bá wà ní òsì. Oódo ni fún èyí tí kò sí ìṣòro, 3 ni fún èyí tó le jù. Àpapọ̀ tó ga jù ni 30. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ẹ óò rí bóyá ó ń lọ sílẹ̀. Ìwé yẹn wúlò fún dókítà ju kí ẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ẹ máa sọ pé “ó ti ń gbìyànjú”.

Fún àwa tí a jẹ́ Mùsùlùmí, àlùwàlá ni ibi tí mo kọ́kọ́ máa ń wò. Ọwọ́ ọ̀tún la kọ́kọ́ ń fọ̀ dé ìgúnpá, kí ó tó kan òsì. Ẹsẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Alhaji tó ti ń ṣe àlùwàlá láti kékeré, bó bá ń fọ ọwọ́ ọ̀tún tó wá fò lọ sí orí, tí kò kan òsì rárá, kì í ṣe ìmẹ́lẹ́. Bí ẹ bá rí i, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ sì má ṣe bá a wí níwájú àwọn tí ń dúró de ìrun.

4. Ẹ fi ọ̀wọ̀ dán an wò.

Àgbàlagbà ni. Ẹ má gbé ìwé síwájú rẹ̀ bí ìdánwò ọmọ iléèwé, kí ẹ wá máa ní “Bàbá, ẹ ò mọ èyí?” Ẹ ní “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pín ṣúgà yìí sórí tíréè.” Ìdí tí mo fi mẹ́nu kan ṣúgà nìyí: ní 1996, Kerstin Tham àti Richard Tegnér ní Sweden gbé ìdánwò kan jáde tí kò nílò ìwé kíkà. Wọ́n fún aláìsàn ní búlọ́ọ̀kù kéékèèké 16, wọ́n ní kó tò wọ́n sórí pátákó kan kí wọ́n kárí, bí ẹni ń to búrẹ́dì sórí tíréè tí yóò wọ ààrò. Ẹni tí kò ní ìṣòro á fi nǹkan bíi 8 sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, bóyá 7 sí 9. Ẹni tí kò mọ̀ pé òsì wà á kó wọn jọ sí ọ̀tún. Kóró ṣúgà onígun 16 àti tíréè ńlá kan tó fún yín. Ẹ má ṣe sọ fún un pé ìdánwò ni, ẹ má ṣe tọ́ ọ sọ́nà; ẹ kà á nígbà tó bá ṣe tán, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ṣúgà náà po kókó fún un.

Fún ẹni tó mọ bírò dì mú, àwọn ti ilé ìwòsàn wà. Martin Albert gbé tirẹ̀ jáde ní 1973: ilà kéékèèké 40 ló fọ́nká sójú ìwé, kí aláìsàn fi bírò gé gbogbo wọn lágbèédéméjì. Wọ́n tún ní kí ènìyàn fi àmì sí àárín ilà gígùn kan. Àmì ẹni tó ń gbàgbé òsì á yẹ̀ sí ọ̀tún gan-an. Èyí tó kún jù nínú wọn ni ti àwọn ìràwọ̀, tó jáde ní 1987 nínú àkójọ ìdánwò kan láti Britain: ìràwọ̀ kéékèèké 54 ló ní kí ènìyàn wá láàárín àwọn ìràwọ̀ ńlá, lẹ́tà àti ọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá rí tó 51, ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò sí i.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí àwọn tó ṣe ìwé wọ̀nyí kò rò nípa Tamale. Ọ̀pọ̀ àgbà wa, Lárúbáwá ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ láti kà, láti ọ̀tún sí òsì. Ní 1993, àwọn olùwádìí kan fi ará Faransé tí ara wọn le wé ará Ísírẹ́lì, tó ń ka Hébérù láti ọ̀tún. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n pín ilà sí méjì, àwọn Faransé yẹ̀ díẹ̀ sí òsì, àwọn Ísírẹ́lì yẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀tún. Kò sí àìsàn lára ẹnikẹ́ni nínú wọn. Nítorí náà bí àmì Àáfà bá yẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀tún, ẹ má tíì pariwo. Ẹ jẹ́ kó ka ìwé fún yín. Ẹni tó ń gbàgbé òsì, bí ó bá ń ka Gẹ̀ẹ́sì tàbí Yorùbá, àárín ilà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò ní nítumọ̀. Bí ó bá jẹ́ Lárúbáwá, yóò bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ìparí ilà ni yóò máa jẹ. Ẹni tó ti há Kùránì sórí á sì parí rẹ̀ láti orí, ẹ̀yin á rò pé ó rí i. Ojú ewé tí kò há sórí ni kí ẹ fún un.

Ìdánwò kan ṣoṣo kò tó. Mo ti rí ẹni tó gé gbogbo ilà orí ìwé nínú yàrá tó dákẹ́ rọ́rọ́, tó jáde síta tó fi apá òsì kọlu ọmọlanke. Ohùn, ariwo, ìkánjú àti àárẹ̀ kò sí lórí ìwé.

5. Owó.

Òǹtajà ni púpọ̀ nínú wa, ẹ jẹ́ kí n yára sọ èyí. Ẹni tó ń gbàgbé òsì lè ka 1,200 sí 200, nítorí pé òsì ni ẹgbẹ̀rún wà. Ẹ fojú wo ohun tíyẹn lè dá sílẹ̀ lórí fóònù tí ó fi ń fi owó momo ránṣẹ́. Ẹ má gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ tipátipá. Kí ẹnì kan tí òun fúnra rẹ̀ fọkàn tán jókòó tì í nígbà tó bá ń fi owó ránṣẹ́, kí wọ́n sì ka iye owó náà sókè, méjèèjì, kí ó tó tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ọmọ tó bá fi àìsàn yìí jẹ owó òbí rẹ̀, Ọlọ́run rí i.

6. Ohun tó nílò, ẹ fi sí ọ̀tún. Ohun tí ẹ fẹ́ kó kọ́, ẹ fi sí òsì.

Àwọn kan ti gbọ́ pé kí wọ́n máa mú un wo òsì, wọ́n wá gbé omi mímu, oògùn àti aago tó fi ń pe ènìyàn sí apá òsì bẹ́ẹ̀dì. Aláìsàn wà nínú òùngbẹ láti òru mọ́jú. Ìwà ìkà ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Omi, fóònù, pó, ọ̀pá ìtìlẹ̀: ọ̀tún, ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí ẹ ń bá a ṣeré, ẹ jókòó sí òsì. Ẹ kí i láti ọ̀tún díẹ̀ kó lè mọ̀ pé ẹ ti dé, kí ẹ wá máa rìn lọ sí òsì bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀, kí ojú rẹ̀ máa tẹ̀lé yín. Ọwọ́ òsì tó bá rọ, ẹ gbé e sórí tábìlì níbi tí òun náà yóò ti rí i, kó má bàa há sí táyà kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Ẹ kó ìkòkò iná kúrò lápá òsì ọ̀nà.

7. Ẹ kọ́ ọ lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀.

Ní New York ní 1977, Joseph Weinberg, Leonard Diller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ohun tí wọ́n ti ń ṣe jáde: wọ́n kọ́ àwọn aláìsàn láti máa fi ojú wá òsì lọ tọkàntọkàn, wákàtí 20 lápapọ̀. Ohun kan tí ó rọrùn wà nínú rẹ̀: wọ́n fa ilà tó nípọn sí etí òsì ojú ìwé, aláìsàn kò sì gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kà títí yóò fi rí ilà náà. Lẹ́yìn náà wọ́n ń dín ilà náà kù títí tí kò fi nílò rẹ̀ mọ́.

Nínú ilé yín, aṣọ pupa tó. Ẹ so ó mọ́ etí òsì tíréè, etí òsì tábìlì, etí òsì bẹ́ẹ̀dì. Kí ó tó jẹun: “Ẹ bá wa wá pupa.” Nígbà tó bá ti rí pupa, kó wá máa bọ̀ láti ibẹ̀ wá sí ọ̀tún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́. Bí ọjọ́ ti ń lọ, òun fúnra rẹ̀ ni kó máa sọ ọ́ jáde, kó tó wá di ohun tó ń sọ nínú ọkàn. Bí ọwọ́ òsì bá ṣì lè mira, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìka kan, ẹ ní kó máa mi ìka náà ní apá òsì nígbà tó bá ń wá nǹkan. Ian Robertson àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Britain fi hàn pé mímira ẹ̀gbẹ́ náà ń fa àfiyèsí wá síbẹ̀. Òun náà ló fi hàn ní 1995 pé ó dára kí a kọ́ aláìsàn láti máa pe ara rẹ̀ jí: kó fi ọwọ́ lu tábìlì, kó wí fún ara rẹ̀ pé kó fọkàn sí i. Ọkàn tó bá ti rẹ̀ ń gbàgbé òsì ju ọkàn tó jí lọ, nítorí náà ìgbà díẹ̀ lójúmọ́, tí kò pẹ́, sàn ju wákàtí méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ.

Ọgbọ́n méjì tó kù jẹ́ tèmi. Mi ò rí wọn nínú ìwé kankan, àmọ́ wọn kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Èkíní ni sálámà tí a fi ń parí ìrun, ọ̀tún kọ́kọ́, lẹ́yìn náà òsì. Ẹ ní kí Bàbá má ṣe sáré sí èyí tó kẹ́yìn, kó yí ọrùn títí yóò fi rí ojú ẹni tó jókòó tì í lápá òsì. Ìrun márùn-ún lójúmọ́, ìgbà márùn-ún nìyẹn tí kò sí ẹni tí yóò pè é ní aláìsàn. Èkejì ni ayò, tí àwọn ará Ghana ń pè ní oware. Ilé mẹ́fà ló wà níwájú ẹni. Ẹni tó bá gbàgbé ilé òsì, ọ̀tá á jẹ ẹ́, inú á sì bí i tó fi máa wo ibẹ̀ nígbà mìíràn. Àwọn ọmọ ọmọ mi mọ̀ pé n kì í gbà kí wọ́n fi ayò ta mí lọ́rẹ. Ẹ má ṣe fi ta òun náà lọ́rẹ.

8. Ẹni tó bá ní òun ní ìwòsàn tó dájú, ẹ má tètè nawọ́ owó sí i.

Ní 1998, Yves Rossetti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lyon, ilẹ̀ Faransé, fi awò kan sójú àwọn aláìsàn, awò tó ń yí gbogbo ohun tí wọ́n ń wò sí ọ̀tún ní ìwọ̀n dígírì 10. Wọ́n ní kí wọ́n máa na ìka sí nǹkan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ wọ́n ń ṣì í, lẹ́yìn náà ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n bọ́ awò náà, ọwọ́ wá ń lọ sí òsì, àìsàn náà sì dín kù fún wákàtí méjì ó kéré tán. Ohun ìyanu ni, inú mi dùn nígbà tí mo kà á. Ṣùgbọ́n àwọn ìwádìí tó tẹ̀lé e kò sọ ohun kan náà. Ní 2021, Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, wo ìwádìí 65 tí àwọn 1,951 kópa nínú wọn, lórí awò, lórí wíwá òsì, lórí gbogbo ọgbọ́n tí a ń dá sí àìsàn yìí. Ìdájọ́ wọn ni pé ẹ̀rí kò tíì tó láti sọ pé èyíkéyìí nínú wọn ń ṣe é lóore tó pẹ́ nínú ìgbé-ayé ojoojúmọ́. Wọn kò ní kí a dáwọ́ dúró. Wọ́n ní kí aláìsàn máa gba ìtọ́jú ìmúpadàbọ̀sípò rẹ̀ lọ.

Kí ni mo wá ń sọ? Ọ̀pọ̀ ń rí ìyàtọ̀ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, nítorí ọpọlọ fúnra rẹ̀ ń tún ara rẹ̀ tò. Ẹni tó bá ta ìgò àgbo kan fún yín ní oṣù kejì á gba ìyìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Aṣọ pupa kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ má ta ilẹ̀.

9. Kọ́kọ́rọ́ alùpùpù.

Ìjà tó le jù nínú ilé nìyí. Tamale, ìlú alùpùpù ni. Ọkùnrin àti obìnrin ló ń gùn ún. Bàbá ti ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀, ó ní òun ń lọ sí ọjà Aboabo. Láti ọjọ́ 4 August 1974 ni Ghana ti ń wakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ fi ìyẹn wé àìsàn yìí. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú, òsì rẹ ló ń gbà kọjá. Ẹni tó fẹ́ yà ọ́ sílẹ̀, òsì rẹ ló ń gbà. Ẹni tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ sọdá títì, ọkọ̀ tó kọ́kọ́ máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, láti òsì ló ti ń bọ̀, àwọn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Mahama Can Do kì í sì í dúró. Púpọ̀ nínú ewu ojú títì wa ló wà ní ẹ̀gbẹ́ tí kò mọ̀ pé ó wà.

Àwọn kan á ní ó ń ṣe eré orí kọ̀ǹpútà, ó sì ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti dán ìyẹn wò ní Kánádà. Barbara Mazer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2003: àwọn 97 tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù tí wọ́n fẹ́ padà sídìí ọkọ̀. Wọ́n kọ́ ìdajì wọn ní ìgbà 20 lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún àfiyèsí ojú, wọ́n kọ́ ìdajì kejì lórí àwọn eré kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé wọn lọ sójú títì láti dán wọn wò, kò sí ìyàtọ̀ tó dájú láàárín wọn. Ó jọ pé àwọn tí apá ọ̀tún ọpọlọ wọn bàjẹ́ jàǹfààní díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ tó kí a lè fọwọ́ sọ̀yà. Ohun tí mo mú nínú rẹ̀ nìyí: ojú títì nìkan ló lè sọ ẹni tó yẹ ojú títì.

Nítorí náà, títí dókítà àti àwọn tó ń dán an wò yóò fi sọ pé ó tó, kò gbọdọ̀ gùn ún. Ẹ má jí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ pamọ́ kí ẹ máa purọ́ fún un. Ẹ ní kí dókítà fúnra rẹ̀ sọ fún un, kí àgbà kan nínú ẹbí wà níbẹ̀. Kí ọmọ kan sì máa gbé e lọ síbi tó bá fẹ́, kó tó bèèrè.

10. Ẹ lọ kọ́ iṣẹ́ títọ́jú àìsàn yìí.

Ilé ìwòsàn ńlá wa tó wà lójú ọ̀nà Salaga, tó ti di Tamale Teaching Hospital báyìí, 1974 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ lọ bá àwọn físíò (physiotherapist) níbẹ̀, kí ẹ mú ìwé tí ẹ ti ń kọ láti ilé dání, kí ẹ sì fi ẹnu ara yín bèèrè pé kí wọ́n yẹ àfiyèsí òsì rẹ̀ wò. Bí ẹ kò bá bèèrè, apá àti ẹsẹ̀ ni gbogbo ènìyàn á máa wò.

Ṣùgbọ́n àwọn tí iṣẹ́ wọn gan-an jẹ́ láti kọ́ aláìsàn bí yóò ṣe tún máa dá jẹun, dá wọṣọ, dá ka owó, àwọn occupational therapist, wọn kò tó nǹkan ní Ghana. Yunifásítì Ghana ní Legon kò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni níṣẹ́ náà títí di 2012. Ní Nàìjíríà, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ń kọ́ni. Gbogbo yín ló fẹ́ ṣe dókítà tàbí kí ẹ lọ sí òkè òkun. Mo bẹ̀ yín, kí ẹnì kan tàbí ẹni méjì nínú yín tó mọ sáyẹ́ǹsì, tó gbọ́ Yorùbá, Hausa àti Dagbani, gba fọ́ọ̀mù Legon lọ́dún yìí. Ọdún 4 ni wọ́n fi ń kà á, àwa àgbà á sì dá owó rẹ̀ ní ìpàdé.